Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀

Nígbà tí obìnrin bá bímọ tán ní ilẹ̀ Yorùbá, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni ìkíni tí a ń kí i. Àwọn baba ńlá wa tí ó fi ìkíni yìí lélẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run ni aboyún wà ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ bọ̀ ní àlàáfíà, ewu ni ó fò. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa kan náà ni ó wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni oyún fi ń kéde ara rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Kò sí ogun mìíràn tí ń ránṣẹ́ ṣáájú tó bẹ́ẹ̀. Èéṣe nígbà náà tí ó fi jẹ́ pé òjijì ni ó máa ń bá púpọ̀ nínú wa?

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni, tàbí ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà, kí wọn sì béèrè ohun tí ó kan ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ òṣèlú nínú rẹ̀. Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní òun ń jà fún orílẹ̀-èdè, ibi tí a ti ń bí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìjà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀ràn náà ti tóbi tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò pé ní ọdún 2023, nǹkan bí 260,000 obìnrin ni ó kú ní gbogbo ayé nítorí oyún tàbí ìbímọ. Nǹkan bí 75,000 nínú wọn ni ó kú ní Nàìjíríà. Èyí ni pé nínú ìyá mẹ́rin tí ó kú ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ níbikíbi ní ayé, ó ju ẹyọ kan lọ tí ó jẹ́ tiwa. Bí a bá pín in sí ọjọ́, ó lé ní 200 lójúmọ́, bí ẹni pé bọ́ọ̀sì ńlá mẹ́rin tí abiyamọ kún inú wọn ń já sódò láràárọ̀.

Bí bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá já sódò ní Èkó, gbogbo ìwé ìròyìn ni yóò gbé e, àwọn aláṣẹ yóò sì sáré débẹ̀. Ṣùgbọ́n ikú abiyamọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń wá, nínú ilé kọ̀ọ̀kan, lóru. Wọn a sin ín, wọn a ṣe ẹ̀dùn, wọn a sì wí pé àmúwá Ọlọ́run ni. Àwa kò bá Ọlọ́run jà; ṣùgbọ́n a kò gbà pé Ọlọ́run ni ó ní kí kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn wà lápò ẹni tí ó ti lọ sùn. Láti ọdún 1960 ni a ti gba òmìnira. Òmìnira tí kò bá tíì dé yàrá ìbímọ, ó kù díẹ̀ kí ó pé.

ÒKÈ-ODÒ GẸ́GẸ́ BÍ ÀPẸẸRẸ

Kí ọ̀rọ̀ wa má ba à fò lókè bí ẹyẹ, a mú Òkè-Odò ní Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá ti Abúlé Ẹ̀gbá wọ ilẹ̀ yìí, tí ó gba Ẹgbẹ́dá àti Ìdímù dé Ìkọ̀tún, tí ó sì já sí Ìgandò, yóò mọ̀ pé inú igbó ènìyàn ni òun gbà kọjá. Ìlú àwọn Àwórì ni púpọ̀ nínú wọn láti ayé àtijọ́, oko ni ó sì yí wọn ká nígbà kan rí. Nígbà ìkànìyàn 2006, iye àwọn tí a kà ní Alímọ̀ṣọ́ lé ní 1,200,000. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó alára kọ̀ pé iye náà kéré, ó ní wọ́n lé ní 2,000,000. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti pín in sí mẹ́fà láti ọdún 2003, síbẹ̀ kí a tó rí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn tí ó ní ènìyàn tó o ní Èkó, ojú wa yóò pọ́n.

Ìgandò ni Ọsibítù Gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ wà, níbẹ̀ náà sì ni ilé ìtọ́jú ìyá àti ọmọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ wà. Àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé ti ìjọba ìbílẹ̀ wà káàkiri àdúgbò. Ilé ìwòsàn aládàáni pọ̀ lọ jàra, ilé àwọn ìyá àbíyè sì pọ̀ bákan náà, ti ìbílẹ̀ àti ti ìjọ. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè wí pé kò sí ibi tí aboyún Òkè-Odò lè lọ. Ohun tí ó ṣòro ni kí ó dé ibi tí ó yẹ, ní àkókò tí ó yẹ, kí ó sì bá ẹni tí ó yẹ níbẹ̀.

Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 lórí ọ̀ràn ìlera àti olùgbé ilẹ̀ yìí fi nǹkan kan hàn wá tí ó yẹ kí gbogbo olórí ronú sí. Nínú 100 obìnrin tí a bi léèrè, 67 ni ó gba ìtọ́jú oyún lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ìlera. Ṣùgbọ́n nínú 100 ìbímọ, 39 péré ni ó wáyé nínú ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Àwọn obìnrin wa mọ ọ̀nà kílíníìkì. Wọ́n gba káàdì, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ogun gan-an dé, púpọ̀ nínú wọn kò sí ní ibi tí ìhámọ́ra wà. A kò lè pe èyí ní àìmọ̀. Ohun kan wà láàárín kílíníìkì àti yàrá ìbímọ tí ń dá wọn dúró lọ́nà.

OHUN TÍ Ń PA ABIYAMỌ

Ẹ jẹ́ kí á pe ọ̀tá ní orúkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà lẹ́yìn ìbímọ ni ó ṣáájú. Láàárín wákàtí 2 ó lè pa obìnrin tí ara rẹ̀ le koko. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti oyún ni ó tẹ̀lé e, èyí tí í máa parí sí gìrì. Àkóràn tí ń wọ ara lẹ́yìn ìbímọ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó há, tí ìyá rẹ̀ rọbí títí tí agbára tán. Oyún ṣíṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àìtó ẹ̀jẹ̀, tí ibà ẹ̀fọn àti àìjẹunre-kánú máa ń fà, ni ó sì ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn. Nítorí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀, díẹ̀ tí ó bá dà níbẹ̀ ti pọ̀ jù fún un.

Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó jẹ́ àdììtú mọ́. Oògùn tí ń mú kí ilé ọmọ kì, kí ẹ̀jẹ̀ sì dá, wà. Oògùn tí ń dá gìrì aboyún dúró wà. Ní 2023 a tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí a ṣe ní ọsibítù 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà, lára obìnrin tí ó lé ní 200,000. Wọ́n tẹ́ àpò ike tí a fi àmì ìwọ̀n sí sábẹ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kí wọ́n lè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tí ó dà gan-an. Bí ó bá sì ti kọjá àmì, wọn a fi gbogbo ìtọ́jú fún un lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí wọn máa dán ọ̀kan wò tẹ̀ lé èkejì. Ìjàǹbá ẹ̀jẹ̀ ńlá fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Ike lásán ni, àti ojú tí ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, bí a bá ń wá apànìyàn tí ó kù, ìdádúró ni orúkọ rẹ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ èyí nígbà tí Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò dá ètò Abíyè sílẹ̀ ní 2009, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n ka ìdádúró mẹ́rin tí ń pa abiyamọ: ìdádúró kí a tó pinnu láti lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, ìdádúró lẹ́yìn tí a ti dé ilé ìwòsàn, àti ìdádúró ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a kí ó tó yọ̀ǹda aboyún fún ẹni tí apá rẹ̀ ká a. A ó yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò ní Òkè-Odò, nítorí wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n sì wà ní abúlé rẹ pẹ̀lú, ìwọ òǹkàwé wa.

ÌDÁDÚRÓ MẸ́RIN

Èkíní ń bẹ nínú ilé. Obìnrin ń rọbí; ọkọ rẹ̀ kò sí nílé; kò sí ẹni tí yóò pàṣẹ pé kí a gbé e. Ìyá ọkọ ní kí wọ́n ní sùúrù, pé bẹ́ẹ̀ ni òun náà ti ṣe. Ẹlòmíràn ń dúró de ọ̀rọ̀ lẹ́nu alùfáà. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù abẹ dókítà, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé obìnrin tí a fi abẹ gbé ọmọ rẹ̀ kò bí bí obìnrin. Àwa wí pé irọ́ burúkú ni. Obìnrin tí ó wà láàyè tí ọmọ rẹ̀ sì ń ké, ó ti bí, kò sí ẹni tí ó bí jù ú lọ.

Oògùn ìdádúró yìí ni pé kí a ti parí ìjíròrò kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run. Kí aboyún fi orúkọ sílẹ̀ kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé ó kéré tán kí ó rí oníṣẹ́ ìlera ní ìgbà 8 kí ó tó bí. Níbẹ̀ ni a ó ti wọn ìfúnpá rẹ̀, tí a ó yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí a ó sì mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó ní. A ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa lò lójoojúmọ́, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà àrùn ipá. Láti oṣù kẹrin a ó máa fún un ní oògùn tí ń dènà ibà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, tí oṣù kan yóò sì máa wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Kí ó máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ní alaalẹ́. Kí tọkọtaya sì jọ mọ àwọn àmì tí kò fàyè gba ìjíròrò: ẹ̀jẹ̀ tí ó dà; orí fífọ́ tí kò lọ; ojú tí ń ṣú; ojú àti ọwọ́ tí ó wú lójijì; gìrì; ibà gbígbóná; omi tí ó ya tí ìrọbí kò tẹ̀lé e; ọmọ tí kò yí nínú mọ́. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, kí ó dìde lọ. Ọkọ tí ń rìnrìn àjò, kí ó ti fi àṣẹ àti owó sílẹ̀ kí ó tó jáde.

Èkejì ń bẹ lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá mọ súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìkọ̀tún ní ìrọ̀lẹ́, tàbí tí ó ti rí ọ̀nà àdúgbò nígbà òjò, kò nílò àlàyé wa. Ní òru ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rù ni ó ń dá awakọ̀ dúró. Ìlẹ̀kùn ọ̀nà àdúgbò sì ti wà ní títì, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń sùn. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ wà ní oko jíjìn mọ tiyín: ọ̀kadà kan ṣoṣo ni ó wà, ọ̀nà kò sì jẹ́ kí ó sáré. Àgbẹ̀ kì í dúró de òjò àkọ́rọ̀ kí ó tó wá ọkọ́. Kí olúkúlùkù àdúgbò ní awakọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí a ti bá ṣe àdéhùn, tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn wà lára ògiri ilé aboyún. Kí a ti sọ iye owó náà ṣáájú. Kí ọlọ́dẹ àdúgbò sì mọ ilé tí aboyún wà, kí ó lè ṣí ìlẹ̀kùn láìbéèrè.

Ẹ̀kẹta ni ó ń bí wa nínú jù lọ, nítorí pé ẹni tí ó ti borí méjì àkọ́kọ́ ni ó ń pa. Aboyún dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ san owó. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan ṣoṣo ni ó wà, obìnrin mẹ́ta sì ń rọbí. Iná kò sí. Ẹ̀jẹ̀ kò sí, wọ́n ní kí ọkọ lọ wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, lóru! Ẹlòmíràn bí láyọ̀, wọ́n sì dá a dúró tòun ti ìkókó nítorí pé kò rí owó san, bí ẹni tí ó jalè. Ẹnu líle àwọn òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Obìnrin tí wọ́n bá fi bú nígbà oyún kìíní, ilé ìyá àbíyè ni yóò gbà lọ nígbà oyún kejì, yóò sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání.

A kò ní dá nọ́ọ̀sì nìkan lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bá ọkọ̀ òfúrufú lọ sí ìlú òyìnbó nítorí pé owó iṣẹ́ wọn kò tó gbé bùkátà, iṣẹ́ ẹni mẹ́ta sì ń bẹ lọ́rùn ẹnì kan tí ó kù. Orílẹ̀-èdè tí kò bá bọ́ agbẹ̀bí rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ni ó ń tọ́ ọ dàgbà fún.

Ẹ̀kẹrin ni ìdádúró ẹni tí ọ̀ràn náà ju agbára rẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ ìyá àbíyè. Ó lè jẹ́ ilé ìwòsàn aládàáni kékeré tí kò fẹ́ kí owó bọ́ lọ́wọ́ òun. Wọn a di aboyún mú títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tí ẹ̀mí bá sì kù díẹ̀, wọn a ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ìgandò.

Ọ̀RÀN ÀWỌN ÌYÁ ÀBÍYÈ

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa yàtọ̀ sí ti àwọn kan. Wọ́n ní kí ìjọba lé gbogbo ìyá àbíyè kúrò nílẹ̀, kí ọlọ́pàá ti ilé wọn pa. A mọ ìbínú tí ó bí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n a kò bá wọn lọ. Obìnrin ń lọ sọ́dọ̀ ìyá àbíyè nítorí pé ilé rẹ̀ súnmọ́ tòsí, ó ń ṣí ìlẹ̀kùn lóru, ó ń gba owó díẹ̀díẹ̀, ó sì ń pe aboyún ní ọmọ òun. Bí ọlọ́pàá bá ti ilé náà pa kí ilé ìwòsàn tó lè ṣe irú èyí, inú ilé ni obìnrin náà yóò bí sí, láìsí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ni ó fi ọ̀nà mìíràn hàn. Lábẹ́ ètò Abíyè, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé, aboyún tí ó tó 25 wà lábẹ́ ìṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì fi fóònù lé aboyún lọ́wọ́ kí ó lè pè wọ́n láìsan owó. Ní 2010 wọ́n ṣí ọsibítù ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú níbẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún kan náà wọ́n ṣe òfin pé kí a máa wádìí ikú abiyamọ kọ̀ọ̀kan, láti mọ ohun tí ó fà á láìwá ẹni tí a ó fi jẹ ìyà. Nígbà tí ó di 2014, wọ́n fi ètò Agbẹ̀bíyè kún un. Wọ́n pe àwọn ìyá àbíyè jọ, wọ́n ní kí wọn máa mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn, wọn yóò sì gba owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá; wọ́n sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí wọn yóò fi máa jẹun. Ẹni tí ó jẹ́ ìdádúró tẹ́lẹ̀ di amọ̀nà.

Ẹ má ṣe rò pé irú iṣẹ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni Dókítà David Morley ti ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, tí ìyá kọ̀ọ̀kan sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa káàdì ìdàgbàsókè ọmọ rẹ̀ mọ́. Ikú ọmọdé dín kù níbẹ̀ gidigidi, káàdì náà sì ti ibẹ̀ tàn ká ayé. Ìlú àwọn àgbẹ̀ ni Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú ti Oǹdó. Nígbà tí ìjọba pààrọ̀ ní 2017, ètò náà kò lọ bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun rere tí ó bá so mọ́ orúkọ gómìnà kan, nígbà tí gómìnà bá ń lọ ni í máa dìde tẹ̀lé e. Nítorí náà ni a ṣe ń wí pé kí a fi òfin àti owó àtọdúnmọ́dún ti ètò aboyún lẹ́yìn, ẹgbẹ́ yòówù kí ó wà lórí oyè, ìbáà jẹ́ tiwa.

OWÓ ÀTI ÌRÀNLỌ́WỌ́

Owó ni ó wà nídìí púpọ̀ nínú ìdádúró wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ láìfi bò. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ètò adójútòfò ìlera tí à ń pè ní Ìlera Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2018. Nígbà náà, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, ₦40,000 sì ni ti ìdílé ènìyàn mẹ́fà; kí olúkúlùkù béèrè iye tí ó jẹ́ lónìí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó súnmọ́ ọn. Ìtọ́jú aboyún wà nínú rẹ̀. Ní oṣù keje 2024 gómìnà fi àṣẹ sọ ọ́ di dandan ní ìpínlẹ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé iṣẹ́ abẹ fún ìbímọ yóò jẹ́ ọ̀fẹ́ fún obìnrin tí kò ní. Ìkéde dára, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó wà lórí ibùsùn kò lè jẹ ìkéde. Iṣẹ́ ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ni láti béèrè ní ọsibítù kọ̀ọ̀kan bóyá àṣẹ náà ti débẹ̀, kí wọ́n sì wí fún aráyé bí kò bá tíì dé.

Ìrànlọ́wọ́ mìíràn wà tí kò gba owó ìjọba rárá. Ní 2014 ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìsinmi oṣù mẹ́fà fún ìbímọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 10. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fún obìnrin tí ń ta tòmátò ní ọjà Òkè-Odò ní ìsinmi? Ta ni yóò fún ìyàwó àgbẹ̀? Àwa fúnra wa ni. Kí ọkọ gba igbá ẹrù lórí aboyún. Kí ó pọn omi, kí ó la igi. Kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ọjà máa bá a jókòó ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kílíníìkì àti lẹ́yìn ìbímọ, kí owó ọjà rẹ̀ má bà jẹ́. Kí a fi ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹyin sí oúnjẹ rẹ̀. Àwọn èèwọ̀ tí ń gba ẹyin lẹ́nu aboyún, kí a jẹ́ kí wọn sinmi. Àjọ tí à ń dá fún aṣọ ẹbí, kí a dá irú rẹ̀ fún ọjọ́ ìkúnlẹ̀. A máa ń rí owó ná ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Kí a ya ìdajì rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ọmọ tó dé.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Lọ́wọ́ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ tí a dìbò yàn ní Èkó ní oṣù keje 2025, a béèrè nǹkan mẹ́rin. Kí ilé ìwòsàn alábọ́dé kan, ó kéré tán, wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí yóò máa ṣí tọ̀sán tòru, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, iná, omi, àti oògùn tí ń dá ẹ̀jẹ̀ àti gìrì dúró. Kí ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju gbígbé aláìsàn lọ. Kí a fi orúkọ gbogbo ìyá àbíyè sílẹ̀, kí a kọ́ wọn ní àmì ewu, kí a sì máa san ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá tètè mú aboyún wá. Kí a máa ka ikú abiyamọ kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa jíròrò rẹ̀ ní gbangba ìgbìmọ̀. Kí wọn má sọ pé owó kò sí lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀, ìrántí nìkan ni a ní fún wọn. Ní oṣù kẹrin 2001, ní Àbújá, ní ilé àwa fúnra wa, ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí láti máa ná 15 nínú 100 owó ìṣúná wọn lórí ìlera. Kò yẹ kí onílé jẹ́ ẹni tí ó gbàgbé ìlérí tí a ṣe nínú ilé rẹ̀.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, a béèrè iṣẹ́. Ní ìpàdé wọ́ọ̀dù yín tí ó ń bọ̀, kí ẹ tó jíròrò ìdìbò, ẹ ka iye aboyún tí ó wà ní àdúgbò yín. Ẹ yan obìnrin méjì tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò. Ẹ kọ orúkọ awakọ̀ tí yóò jáde lóru. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le, tí wọ́n ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọn yóò sì fi í sílẹ̀ nígbà tí a bá pè wọ́n. Ẹ ṣe é fún ọmọ ẹgbẹ́ yín àti fún ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, nítorí ìkókó kì í gbé káàdì ẹgbẹ́ wá láti ọ̀run. Nígbà tí ẹ bá jẹ́ kí àdúgbò rí i pé ẹ lè gba ẹ̀mí là láìsí lórí oyè, kò ní ṣòro fún wọn láti gbà yín gbọ́ nígbà tí ẹ bá dé orí oyè.

Oyún tí yóò bí ní oṣù tí ń bọ̀ ti wà nínú báyìí, ní Òkè-Odò, ní Ìgandò, ní abúlé rẹ. Ó ti ránṣẹ́ sí wa. Ẹ jẹ́ kí á dìde láti pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí a lè gbóhùn ìyá, kí a sì gbóhùn ọmọ.